Fọ́ńgọ́ọ̀sì nínú ọpọlọ ẹni tó ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ: èwo ni, oògùn wo ló sì bá a mu?

Ọ̀gbẹ́ni kan dúró lójú fèrèsé ibi tí a ti ń fún èèyàn lóògùn lọ́jọ́ kan, ọ̀rá dúdú kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Páálí fluconazole mẹ́rìnlá ló tú síwájú mi, èyí tó ní hóró kan ṣoṣo nínú, 150 mg, irú èyí tí àwọn obìnrin máa ń rà ní kẹ́míìsì bí ojú ara bá ń yún wọn. Àbúrò rẹ̀ wà ní wọ́ọ̀dù, jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń tọ́jú, dókítà sì ti sọ fún wọn pé fọ́ńgọ́ọ̀sì ti wọ ọpọlọ rẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, oògùn fọ́ńgọ́ọ̀sì rèé, mo ti rà á. Kí ló dé tí wọ́n tún ń kọ òmíràn tí owó rẹ̀ ń da èèyàn láàmú?"

N ò bá a wí. Ẹni tó tà á fún un ò purọ́: oògùn fọ́ńgọ́ọ̀sì ni fluconazole lóòótọ́. Àmọ́ Aspergillus ni wọ́n rí lára àbúrò rẹ̀, fluconazole kò sì lè ṣe Aspergillus ní nǹkan kan. Ká ní ó gbé gbogbo rẹ̀ mì tán, ńṣe ni nǹkan náà á máa hù lọ.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí, "fọ́ńgọ́ọ̀sì", ló ń kó wa ṣìnà. Bí ìgbà téèyàn sáré wọ ọsibítù tó ń pariwo pé ejò bu òun jẹ ni. Ejò wo? Oògùn tó ń pa oró paramọ́lẹ̀ lè má ran ti sèbé, òjòlá ò sì ní oró rárá. Kí ẹ tó fi oògùn kan wé èkejì, kí ẹ tó ta ilẹ̀, kí ẹ tó pe ẹni tó wà ní London pé kó rà á ránṣẹ́, ẹ bi dókítà léèrè: irú fọ́ńgọ́ọ̀sì wo ni, kí ló sì fi hàn yín pé òun ni?

Gbogbo wa là ń fa irúgbìn fọ́ńgọ́ọ̀sì símú lójoojúmọ́, wọ́n kéré débi pé ojú ò lè rí wọn. Sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ ló ń gbá wọn dànù fún wa. Oògùn kímò kì í mọ ọ̀tá mọ ọ̀rẹ́, bó ṣe ń pa jẹjẹrẹ ló ń pa àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun náà, pàápàá àwọn tí wọ́n ń pè ní neutrophil. Bí iye wọn bá kéré sí 500 nínú microlitre ẹ̀jẹ̀ kan, tó sì wà bẹ́ẹ̀ ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ, ilẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀ nìyẹn. Steroid bíi dexamethasone àti prednisolone tún ń mú kí àwọn tó kù máa tòògbé. Rọ́bà tí wọ́n fi sínú iṣan àyà tàbí ti ọrùn sì lè di ojú ọ̀nà fún àwọn kan.

Àwọn mẹ́rin tí ẹ máa gbọ́ orúkọ wọn

| | Cryptococcus | Aspergillus | Mucor | Candida |
|---|---|---|---|---|
| Ibi tó ti ń wá | eruku tó ní ìgbẹ́ ẹyẹlé, igi jíjẹrà | eruku, ibi tí wọ́n ń wó ilé | eruku, oúnjẹ tó ti bu | ìfun aláìsàn fúnra rẹ̀, rọ́bà inú iṣan |
| Ẹni tó sábà ń mú | ẹni tó ní lymphoma (oríṣi jẹjẹrẹ kan), ẹni tó ti pẹ́ lórí steroid | ẹni tí neutrophil rẹ̀ ti pẹ́ nílẹ̀, ẹni tó gba mùdùnmúdùn ẹlòmíì | ẹni tí ṣúgà rẹ̀ ga, ẹni tí neutrophil rẹ̀ ò tó | ẹni tó ti pẹ́ ní wọ́ọ̀dù, ẹni tí kímò ti bó ìfun rẹ̀ |
| Ohun tó ń ṣe lórí | awọ ọpọlọ ń wú, omi inú orí ń ga | oówo, ẹ̀jẹ̀ tó dì, bí ẹni tí rọpárọsẹ̀ kọ lù | láti imú sí ojú, láti ojú sí ọpọlọ | oówo wẹ́wẹ́ púpọ̀ |
| Oògùn ìbẹ̀rẹ̀ | amphotericin B pẹ̀lú flucytosine | voriconazole | amphotericin B ọlọ́ràá (èyí tí wọ́n fi ọ̀rá wé), pẹ̀lú iṣẹ́ abẹ | amphotericin B ọlọ́ràá, nígbà mìíràn pẹ̀lú flucytosine |
| Èyí tí ẹ ò gbọdọ̀ gbọ́kàn lé | caspofungin, micafungin | fluconazole | fluconazole, voriconazole | caspofungin, micafungin |

Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé to orúkọ fọ́ńgọ́ọ̀sì 19 tó ń kọ wọ́n lóminú lọ́dún 2022, Cryptococcus neoformans, Aspergillus fumigatus àti Candida albicans wà ní ìpele àkọ́kọ́. Ìdílé Mucor wà ní ìpele tó tẹ̀ lé e.

Ẹ wo ìlà tó gbẹ̀yìn nínú àtẹ yẹn dáadáa. Caspofungin àti micafungin jẹ́ oògùn gidi fún Candida tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, mo bọ̀wọ̀ fún wọn. Àmọ́ wọ́n tóbi ju ẹnu ọ̀nà ọpọlọ lọ, díẹ̀ ló ń rí ibẹ̀ wọ̀. Oògùn tó wo ẹ̀jẹ̀ sàn lè fi ọpọlọ sílẹ̀ bó ṣe wà.

Cryptococcus àti Aspergillus: bí wọ́n ṣe ń dé kò jọra

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni Cryptococcus ń dé. Orí á máa fọ́ aláìsàn fún ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́ta, wọ́n á ní kímò ló fà á. Á máa bì, á máa rí èèyàn kan ní méjì, ìwà rẹ̀ á yí padà díẹ̀díẹ̀. Ọrùn rẹ̀ lè má gan rárá, ibà sì lè má sí bó bá ń lo steroid, nítorí náà ẹ má fi àìsí ibà tu ara yín nínú. Ìgbẹ́ ẹyẹlé wà lára ibi tó ń gbé. A máa ń kì í pé ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ, kó bá onílé mu, kó wá dọjọ́ ikú kó yẹrí. Ọ̀rẹ́ ilé ni, ṣùgbọ́n kí ẹlòmíì bá yín gbá ilé rẹ̀ ní gbogbo àsìkò tí ẹ bá fi ń gba kímò.

Aspergillus kì í ní sùúrù tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀dọ̀fóró ló sábà ń kọ́kọ́ wọ̀, ikọ́ àti àyà dídùn á wáyé, ẹ̀jẹ̀ á wá gbé e lọ sórí. Inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ló ń hù sí, ó ń dí i pa, ìdí nìyẹn tí apá kan ara fi lè ṣàdédé rọ tàbí kí gìrì gbé ẹni tí kò ní in rí. Ọ̀pọ̀ ẹbí á ní ọwọ́ ayé ni.

Mucor ní àmì tí ẹnikẹ́ni lè fi ojú rí nílé: imú tó dí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ojú kan tó wú, awọ dúdú lára àjà ẹnu. Òun ló jà ní Íńdíà lọ́dún 2021 lẹ́yìn kòrónà, iye àwọn tó mú lé ní 40,000, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní ìtọ̀ ṣúgà tí wọ́n sì ti gba steroid. Ẹni tó bá ń lo dexamethasone fún jẹjẹrẹ, kí wọ́n máa yẹ ṣúgà rẹ̀ wò. Bí ẹ bá rí dúdú lára àjà ẹnu rẹ̀, ẹ má dúró de ọjọ́ kíníìkì tí wọ́n dá fún un. Ọ̀rọ̀ òru ọjọ́ náà ni.

Omi ẹ̀yìn tàbí àwòrán orí?

Nínú gbogbo ohun tí ẹbí máa ń kọ̀, omi ẹ̀yìn ló ń dùn mí jù. "Wọ́n fẹ́ fa mùdùnmúdùn ẹ̀yìn ọmọ mi." Rárá o. Omi tó yí ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ká ni, ara sì ń pèsè òmíràn lójoojúmọ́. Bó bá jẹ́ Cryptococcus ni, fífa omi yẹn jẹ́ àyẹ̀wò, ó tún jẹ́ ìtọ́jú. Wọ́n á wọn bó ṣe ń ti ara rẹ̀, bí omi náà bá gòkè ju sẹ̀ǹtímítà 25 lọ nínú ọ̀pá ìwọ̀n, wọ́n á fa díẹ̀ jáde kó lè wá sílẹ̀, wọ́n sì lè tún un ṣe lọ́jọ́ kejì àti lọ́jọ́ kẹta. Mo ti rí ẹni tí kò lè gbé orí sókè láàárọ̀ tó béèrè fún ẹ̀kọ lálẹ́ ọjọ́ kan náà.

Àyẹ̀wò tó ń wá awọ ara Cryptococcus nínú ẹ̀jẹ̀ tàbí nínú omi ẹ̀yìn kò gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, bí ìlà àyẹ̀wò oyún ló rí. Ẹ béèrè rẹ̀. Ó dínwó sí gbogbo ohun tó máa tẹ̀ lé e.

Bó bá jẹ́ oówo ló wà nínú ọpọlọ, ọ̀rọ̀ yí padà. Fífa omi ẹ̀yìn nígbà náà lè léwu, àwòrán orí tí wọ́n ń pè ní MRI tàbí CT ni wọ́n á kọ́kọ́ ṣe. Wọ́n á tún ya àwòrán ẹ̀dọ̀fóró, nítorí ibẹ̀ ni Aspergillus ti sábà ń gbéra. Àyẹ̀wò kan wà tí wọ́n ń pè ní galactomannan, ó ń mú Aspergillus, ṣùgbọ́n kò rí Mucor rárá. Ẹni tí àyẹ̀wò yẹn ní kò ní nǹkan kan, tí ojú rẹ̀ sì ń wú, kò tíì bọ́. Kí platelet, ìyẹn ohun tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dá, tó pé kí wọ́n tó fi abẹ́rẹ́ kan ẹ̀yìn tún ṣe pàtàkì fún ẹni tó ń gba kímò, torí náà bí dókítà bá ní kí ẹ kọ́kọ́ wá ẹ̀jẹ̀, kì í ṣe pé ó ń fi yín ṣòfò.

Amphotericin B: ti àtijọ́ àti ọlọ́ràá

Inú iyẹ̀pẹ̀ etí odò Orinoco ní Venezuela ni wọ́n ti rí kòkòrò àìfojúrí tó ń ṣe oògùn yìí ní àwọn ọdún 1950, ó sì ṣì wà lára èyí tó lágbára jù lọ títí dòní. Oríṣi méjì ni ẹ máa bá pàdé, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, ibẹ̀ sì ni ewu wà.

Ti àtijọ́ ni wọ́n ń pè ní deoxycholate. Owó rẹ̀ rọrùn díẹ̀. Àwọn àgbà nọ́ọ̀sì ní orúkọ ẹ̀gàn fún un tí n kò ní kọ síbí, nítorí bó ṣe ń mú kí aláìsàn gbọ̀n rìrì lórí bẹ́ẹ̀dì bí ẹni tí òtútù ń pa. Ó ń ba kídìnrín jẹ́, ó ń fa potassium àti magnesium jáde lára. Fún aláìsàn jẹjẹrẹ, ọ̀rọ̀ kídìnrín yìí wúwo ju ti ẹlòmíì lọ: ẹni tó ti gba cisplatin (oògùn kímò kan), tí wọ́n tún ń fún ní gentamicin (abẹ́rẹ́ tó ń pa bakitéríà), kídìnrín rẹ̀ ti ń ráhùn kí amphotericin tó dé.

Ọlọ́ràá ni èyí tí wọ́n fi ọ̀rá tíńtín wé, liposomal ni wọ́n ń kọ sára páálí rẹ̀. Kò fi bẹ́ẹ̀ ba kídìnrín jẹ́, gbígbọ̀n náà kéré. Owó rẹ̀ ló ga fíofío. Bí agbára bá wà, ọlọ́ràá ni kí aláìsàn jẹjẹrẹ gbà, n kò ní ṣe méjì-méjì lórí ìyẹn. Bí agbára ò bá sí, ti àtijọ́ sàn ju kí ẹ máa wá owó fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á máa kọ́kọ́ fa omi oníyọ̀ sí i lára, wọ́n á máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lemọ́lemọ́, wọ́n á sì máa dá potassium padà.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Ìwọ̀n àwọn méjèèjì kò jọra. Ti àtijọ́ kì í sábà ju 1 mg lọ fún kílò kan, kò sì gbọdọ̀ ju 1.5 mg lọ láé. Ọlọ́ràá lè jẹ́ 3 mg, 5 mg, nígbà mìíràn 10 mg fún kílò kan. Ẹni tó bá fi ìwọ̀n ọlọ́ràá fa ti àtijọ́, ọkàn aláìsàn lè dúró lórí bẹ́ẹ̀dì. Nítorí náà bí wọ́n bá rán yín lọ rà á níta, ẹ ya fọ́tò ìwé náà àti ti páálí, kí ẹ sì fi han apòògùn kí nọ́ọ̀sì tó ṣí i. Omi dextrose 5% ni wọ́n fi ń po méjèèjì, omi oníyọ̀ máa ń mú kí oògùn náà dì.

Ìṣirò fún ẹni tó wọn kílò 60, ìgò 50 mg ló wọ́pọ̀. Ti àtijọ́ ní 1 mg fún kílò: 60 mg, ìgò méjì lóòjọ́. Ọlọ́ràá ní 3 mg: 180 mg, ìgò mẹ́rin lóòjọ́, ìgò 56 fún ọjọ́ mẹ́rìnlá. Bó bá jẹ́ Mucor tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 5 mg, ìgò mẹ́fà lóòjọ́ nìyẹn. Nítorí náà, ẹ má béèrè iye ìgò kan, ẹ béèrè iye ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹ lè gbọ́ pé ọlọ́ràá ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ti tó báyìí. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Botswana, Malawi, South Africa, Uganda àti Zimbabwe fi hàn pé ọlọ́ràá 10 mg fún kílò, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pẹ̀lú flucytosine àti fluconazole fún ọjọ́ mẹ́rìnlá, kò rẹ̀yìn sí ọ̀nà tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà á wọlé lọ́dún 2022. Àmọ́ àwọn tó ní HIV ni wọ́n fi ṣe é, Cryptococcus nìkan ló sì wà fún. Ti aláìsàn jẹjẹrẹ sábà máa ń pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ: ó kéré tán ọ̀sẹ̀ méjì, nígbà mìíràn mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Voriconazole tàbí isavuconazole

Fún Aspergillus nínú ọpọlọ, voriconazole ni mo máa mú ṣáájú. Ó ń wọ ọpọlọ, nǹkan bí ìdajì iye tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ló ń dé inú omi ẹ̀yìn. Lọ́dún 2002 ni ìwádìí ńlá kan fi í wé amphotericin ti àtijọ́: lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12, ìdá 71 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba voriconazole ló wà láàyè, ìdá 58 lára àwọn tó gba èkejì. Àwọn tí Aspergillus ti wọ ọpọlọ wọn kò rí ojú rere tó bẹ́ẹ̀. Nínú 81 irú wọn tí wọ́n kọ ìtàn wọn lọ́dún 2005, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ló yè. Ó dà bíi pé ó kéré, ṣùgbọ́n ṣáájú ìgbà náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ló ń kú. Àwọn tí oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ gé oówo náà kúrò fún tún sàn ju àwọn tó kù lọ, nítorí náà ẹ béèrè bóyá ó ṣeé gé.

Àléébù rẹ̀ kò kéré. Ara kan ń lò ó tán kíákíá, ara kejì ń tọ́jú rẹ̀ pamọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wọn ọ́n nínú ẹ̀jẹ̀, kó wà láàárín 1 sí nǹkan bí 5.5 mg nínú lítà kan. Bó bá pọ̀ jù, aláìsàn á máa rí èèyàn tí kò sí nínú yàrá. Kí ẹ tó pe wòlíì wọ wọ́ọ̀dù, ẹ ní kí wọ́n wọn oògùn náà. Oòrùn tiwa yìí tún máa ń jó awọ ẹni tó ń lò ó, fìlà àti aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn di dandan. A kì í jẹ ẹ́ pẹ̀lú oúnjẹ: wákàtí kan ṣáájú, tàbí wákàtí kan lẹ́yìn rẹ̀.

Ìforígbárí méjì tó lè ṣe jàǹbá ni kí ẹ mọ̀. Èkíní ni vincristine, tó wà nínú oògùn lymphoma àti ti jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọdé: bó bá pàdé voriconazole, ó lè ba iṣan ara jẹ́ débi tí ẹsẹ̀ á kú tìpìrì tí ìfun á sì dúró. Èkejì ni oògùn gìrì. Phenytoin, carbamazepine àti phenobarbital máa ń jẹ voriconazole tán nínú ara. Wọ́n á máa fún aláìsàn lóògùn olówó ńlá, kò sì ní sí i nínú ẹ̀jẹ̀. Levetiracetam kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá rí phenytoin àti voriconazole lórí ìwé kan náà, ẹ béèrè, kò sí àfojúdi níbẹ̀.

Isavuconazole rọ̀ lára jù ú lọ, kò ta ojú àti ẹ̀dọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá jẹun àti ẹni tí kò jẹun ló lè lò ó. Ó ń ran Mucor pẹ̀lú, èyí tí voriconazole kò lè ṣe. Ó ṣọ̀wọ́n, owó rẹ̀ sì ga. Posaconazole wúlò láti fi dáàbò bo ẹni tí neutrophil rẹ̀ máa wá sílẹ̀, àti láti tẹ̀ lé amphotericin nínú Mucor, àmọ́ kì í wọ omi ẹ̀yìn púpọ̀.

Flucytosine, àti ibi tí fluconazole ti jẹ́ ọba

Àwọn tó kọ́kọ́ ṣe flucytosine lọ́dún 1957, oògùn jẹjẹrẹ ni wọ́n ń wá. Kò ran jẹjẹrẹ. Ṣùgbọ́n bó bá dé inú fọ́ńgọ́ọ̀sì, fọ́ńgọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ á yí i padà sí fluorouracil, èyí tí wọ́n ń fún ẹni tó ní jẹjẹrẹ ìfun lónìí, òun ló sì ń pa á. Nítorí èyí ló ṣe lè tún rẹ sẹ́ẹ̀lì funfun ẹni tí kímò ti rẹ̀ tẹ́lẹ̀ sílẹ̀. Ẹni kílò 60 á máa gbé hóró 500 mg méjìlá lóòjọ́, mẹ́ta-mẹ́ta ní wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà, wọ́n á sì máa ka ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ léraléra. Bí kídìnrín bá ti ń ṣàìsàn, ìwọ̀n náà gbọ́dọ̀ dínkù.

Fluconazole ní ipò tirẹ̀. Ó wọ ọpọlọ dáadáa, ẹnu ni wọ́n ń gbà lò ó, owó rẹ̀ ò pa èèyàn. Lẹ́yìn tí amphotericin bá ti ṣẹ́gun Cryptococcus, òun ló kù: 400 sí 800 mg lójúmọ́ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, lẹ́yìn náà 200 mg fún oṣù mẹ́fà sí ọdún kan. Ẹni tó bá ń bẹ̀rẹ̀ Cryptococcus pẹ̀lú fluconazole nìkan nígbà tí amphotericin wà ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un.

Ọ̀gbẹ́ni ọlọ́rá dúdú yẹn padà wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Wọ́n ti yí àbúrò rẹ̀ kúrò lórí abẹ́rẹ́ sí voriconazole oníhóró, ó sì fẹ́ kí n kọ ọ́ fún òun bí wọ́n ṣe ń lò ó, nítorí ìyá wọn ló ń se oúnjẹ ní wọ́ọ̀dù, kì í sì í gbà kí ẹnikẹ́ni gbé oògùn mì láìjẹun. Kò sí ìwé lọ́wọ́ mi. Ó na páálí fluconazole kan sí mi, mo sì kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀: aago mẹ́fà àárọ̀, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, kí Ìyá má fún un ní nǹkan kan títí di aago méje.